Páìpù Tó Yà fún Àwọn Ọmọ

Omi kì í dé ilé àwọn Àrówólò ní Mamobi, ní ìlú Accra, kí ó má kọ́kọ́ wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa páìpù wọ ọgbà náà. Ní ìdájí, kí ladáánì tó pe ìrun àsùbáà, Ẹnjiníà á jáde sí àgbàlá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn, á yí irin kékeré kan tí ó ń dá omi dúró. Páìpù á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, bí àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, lẹ́yìn náà omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ó yọ orí sí ìta, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti máa ń bu omi àlùwàlá. Orí ibùsùn ni Ràfíátù, ìyàwó rẹ̀, ti máa ń gbọ́ ọ. Ohun tí ó fi ń mọ̀ nìyẹn pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, òun náà ni ó sì fi ń mọ̀ pé ọkọ òun jí ire, ara rẹ̀ le, ó ti bẹ̀rẹ̀ òòjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ẹnjiníà kú, Ràfíátù ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Opó ni, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu géètì títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni irin náà wà. Àwọn ìyá Hausa tí wọ́n wá ń bá a jókòó sọ fún un pé ẹni tí ó wà nínú tákàbà, bí wọ́n ṣe ń pe opó ṣíṣe, kò yẹ kí ó máa dààmú ara rẹ̀ ní ìdájí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì gbọ́ tiwọn. Lójoojúmọ́, ó jáde nínú aṣọ opó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ọkùnrin náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó yí irin, ó sì dúró de ikọ́ náà. Bí páìpù bá ti wúkọ́, á dà bí ẹni pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun tí òun kò bojú wò.

Ó kù díẹ̀ kí ó jáde opó ni omi dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó yí irin, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dá a padà, ó tún un yí. Lẹ́yìn ògiri, ó gbọ́ tí Àmínà, ìyá tó ń ta kókò àti kóóse, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, ní ìkọ̀rọ̀ náà, gbé búta ike rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Suhaib, ṣé ẹ ti jí?"

"Mo ti jí. Omi ni kò jí."

"Háà! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Ẹnjiníà gbọ́ níbi tí wọ́n wà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ràfíátù rí i pé mítà tó wà lẹ́nu géètì ń yí kíkankíkan. Omi ń wọlé, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ó ń lọ. Lábẹ́ ilẹ̀ ni ó ń dà sí, níbi kan láàárín géètì àti ògiri ẹ̀yìn, ilẹ̀ sì ń mu ún. Ìsàlẹ̀ ògiri aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Suhaib, àkọ́bí rẹ̀, wá láti Adenta ní ọjọ́ Sátidé. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí ìpàdé ń dúró dè. Fàrídà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kantamanto wá, níbi tí ó ti ń tún aṣọ òkìrìkà gé tí ó ń tún un rán. Mùbárákù, àbíkẹ́yìn, wà ní Tamale, orí fóònù ni ó ti ń bá wọn dá sí i. Suhaib jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Tí a kò bá rí ibi tí omi yìí ń gbà jò, a ó ní kí wọ́n gé e lẹ́nu géètì ni. Ta ni yóò wá máa pọn omi fún yín? Tí ẹ bá ti jáde opó, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Omi tiwa ń ṣàn tọ̀sán tòru."

"Ṣé ó ń wúkọ́?"

"Kí ni ó ń wúkọ́?"

"Omi náà."

Suhaib wo Fàrídà. Fàrídà wo ilẹ̀.

Ràfíátù fa etí aṣọ opó rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ òun kò ní ètekéte lọ́kàn, ó mọ̀ pé yàrá náà dára, wọ́n tilẹ̀ ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá lọ, ikọ́ páìpù kò ní tẹ̀ lé e. Kò sì mọ ibi mìíràn láyé tí òun tún lè jókòó sí kí òun máa retí ọkùnrin náà.

Mutala ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá tún un ṣe. Hausa ni, ọmọ Nima, ṣùgbọ́n ó ti bá Ẹnjiníà ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi débi pé ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Òfà. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó di ojú kan, ó wo òòró láti ibi mítà dé ibi ẹ̀rọ ẹ̀yìn.

"Èyí kò le," ó wí. "Ẹnjiníà kì í fa ìlà wíwọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n mú wa hú páìpù gbogbo òpópónà kan jáde rí? Ó yẹ̀ díẹ̀ báyìí ni, ìwọ̀n ìka kan. Mo ní, Ọ̀gá, ta ni yóò rí i lábẹ́ ilẹ̀? Wọ́n ní, Mutala, omi á rí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ibí dé ọ̀hún, tààrà ni. Ẹ bá mi wá dígà."

Wọ́n gbẹ́ ẹ tààrà. Òun àti Suhaib ni wọ́n jọ gbẹ́ ẹ, Suhaib ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sára igi. Wọ́n gbẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń bá. Kò sí páìpù, kò sí ìrinrin omi. Mutala fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

"Ẹ̀yin Alata yìí, ẹ̀yin Yorùbá, ṣé afẹ́fẹ́ ni bàbá yín gbé omi gbà ni?"

"Ẹ̀yin ni ẹ sọ pé tààrà ni," Suhaib dáhùn. "Ẹ̀yin àti ojú kan yín."

"Wallahi, ó le paa. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ká gbàgbé ti àtijọ́ yìí. Ká ra páìpù oníke tuntun, ká tẹ́ ẹ sínú kòtò tí a ti gbẹ́ yìí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ omi á ti dé."

"Mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi ṣòfò sórí ilé tí ẹnì kankan kò ní gbé mọ́," Suhaib wí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ràfíátù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo kòtò gbígbẹ tí ó la àgbàlá rẹ̀ já bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Òótọ́ ni Mutala sọ. Ẹnjiníà kì í fa ìlà wíwọ́. Báwo ni páìpù rẹ̀ kò ṣe wá sí níbẹ̀?

Sabon Zongo ni wọ́n ti bí Abọ́dúndé Àrówólò, tí gbogbo ènìyàn wá ń pè ní Ẹnjiníà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Iléyá, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abọ́dúndé. Òfà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó ń ta ìṣó àti páànù. Ọmọ náà ń sọ Hausa pẹ̀lú àwọn ọmọ ojúlé, ó ń sọ Ga ní ọjà, ó ń sọ Yorùbá bí ó bá ti wọlé. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, ní ọdún 1969, ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ó fi páànù sílẹ̀, wọ́n gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òfà, níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí ti ń pè é ní Ọmọ Gánà. Ó máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀: ní Accra wọ́n pe òun ní Alata, ní Òfà wọ́n pe òun ní Ọmọ Gánà, ibi tí òun ti jẹ́ ọmọ onílé ni inú ọkọ̀ akẹ́rù.

Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwọn tí wọ́n jọ jáde sáré lọ sí Èkó, owó epo ń ṣàn nígbà náà. Òun ní Accra ni òun ń padà sí, àti pé Accra ìgbà yẹn, ọṣẹ ìfọṣọ gan-an wọ́n. Bàbá rẹ̀ bi í pé, "Kí ni o gbàgbé síbẹ̀?" Ó dá a lóhùn pé, "Mi ò mọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ lọ wò ó ni."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sọ ohun tí ó lọ wò fún Ràfíátù. Wọ́n kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń jẹ wáákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà, nínú àwo kan. Ó ní ní ọjọ́ tí òun dé, ilé àwọn ní Sabon Zongo ni òun kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún òun lómi mu. Òun ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni ìyá òun ti fi han òun nígbà tí òun wà ní kékeré pé, wò ó, ibí ni a ri olóbì tí ó bá ọ wáyé sí, ibí ni o ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun débẹ̀, wọ́n ti la gọ́tà gba ojú ibẹ̀ kọjá.

"Wọ́n gbẹ́ ẹ tààrà," ó wí, ó ń fi ìka kó ìrẹsì tó kù létí àwo jọ. "Iṣẹ́ tó dára ni o. Èmi náà ì bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ ni. Ràfíátù ti retí rẹ̀ títí ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀. Bí inú Ẹnjiníà bá dùn sí ènìyàn, á wá nǹkan onítọ̀hún tó bàjẹ́, á tún un ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, á to àwọn ọmọ sórí ẹní, á máa gé èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á rọra mú ọwọ́ wọn dání bí ẹni di ẹyin mú. Orí Vespa rẹ̀ ni ó fi ń gbé wọn lọ sí ilé-ìwé, Suhaib níwájú, Fàrídà lẹ́yìn. Àwo kan náà ni òun àti wọn fi ń jẹun, títí irun fi hù lẹ́nu Suhaib. Nígbà tí Fàrídà ní òun kò lọ sí yunifásítì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni òun fẹ́, gbogbo ilé pariwo, Ẹnjiníà kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ó ti lọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, á wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Kantamanto pẹ̀lú agolo òróró kékeré lápò, á fi òróró sí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀, á wá fi sí ti gbogbo àwọn tó jókòó tì í. Níbi ìgbéyàwó, bí wọ́n bá wá a tì, etí gọ́tà ni wọ́n ti máa ń rí i, níbi tí ó dúró sí, tí ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tí ó ń wo bí omi ṣe ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Ràfíátù ní sí i nínú.

Lẹ́yìn Fàrídà, kí ó tó bí Mùbárákù, ó bí obìnrin kan sí i. Ọmọ náà kò pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ilé ìwòsàn ni ó kú sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà ni wọ́n gbé òkú ọmọ náà lọ, bí àṣà ṣe wí, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà yí irin omi ìgboro tí ó wà ní ìkọ̀rọ̀ ìgbà náà, ó pọn omi kún ìkòkò fún un, ó gun Vespa rẹ̀, ó lọ sí ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, kò dárúkọ ọmọ yẹn, kò bèèrè, kò ṣe bí ẹni pé ó wá sáyé rí. Ràfíátù gbà á fún un gẹ́gẹ́ bí ìwà ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ó wà nínú rẹ̀, ó ń gún un bí òkúta nínú ìrẹsì. Ó máa ń rò ó pé òun nìkan ni òun ń rántí.

Nínú èrò wọ̀nyí ni ó wà, tí Mutala àti Suhaib ń jiyàn lórí iye páìpù oníke, tí ọ̀rọ̀ kan fi sọ sí i lọ́kàn.

Ọdún tí wọ́n fa páìpù náà, kò sí nílé. Ìyá rẹ̀ kú ní Òfà, ó sì dúró títí wọ́n fi ṣe àdúrà ogójì. Nígbà tí ó dé, ẹ̀rọ ti wà lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ àgbàlá ti padà tẹ́jú. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹnjiníà ń fọ ọwọ́.

"Mo yà fún àwọn ọmọ," ó wí.

Ó rò pé ohun tí ó ń sọ ni pé òun máa ń dúró kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré kọjá.

Ó dìde lẹ́nu ọ̀nà.

"Mutala!"

"Hàjíà!"

"Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ níbí." Ó ti dé ẹ̀bá igi dóńgóyárò tí ó wà lápá òsì. "Ẹ má gbẹ́ ìdí igi gan-an o. Ẹ gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Hàjíà, ta ni yóò gbé omi lọ sí ẹ̀yìn igi?"

"Ìdí igi yìí ni wọ́n ri olóbì Suhaib sí. Ẹ ṣáà gbẹ́ ẹ."

Mutala wo Suhaib, Suhaib wo ìdí igi náà bí ẹni tí wọ́n ní kí ó kí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò jìnnà. Dígà kan irin, ó dún gooro. Páìpù nìyẹn, ó ti ìdí mítà yà, ó gba ẹ̀yìn igi lọ, ó fi oríkèé mẹ́ta yí ìdí igi náà po bí apá ènìyàn. Láàárín igi àti páìpù, símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan wà, kò ju àwo oúnjẹ lọ, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i.

"Subhanallahi," Mutala wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá tí kò jẹ́ ká yẹ̀ níwọ̀n ìka kan."

"Ẹ má kàn án," Ràfíátù wí.

"Kò sẹ́ni tí yóò kàn án, Hàjíà."

Ó lọ dúró létí ibi ìfọṣọ. "Ti Fàrídà nìyí." Wọ́n gbẹ́ ẹ, páìpù ti yà níbẹ̀ náà, símẹ́ńtì pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ náà. Fàrídà tẹ̀ ba létí kòtò, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi! Èmi tí mò ń da omi ọṣẹ sórí ara mi láti ọjọ́ yìí."

"Ìdí nìyẹn tí orí rẹ fi ń yọ̀," Suhaib wí.

"Ti ìwọ ńkọ́, tí ewé gbogbo ń já lé lórí!"

Inú àgbàlá náà rọ̀ díẹ̀. Suhaib ti gba dígà lọ́wọ́ Mutala, kò wo aago mọ́. Ràfíátù nawọ́ sí ìhà ilé ìdáná. "Mùbárákù ló kù. Ìdí ògiri ìdáná ni. Láti ibi ìfọṣọ dé ọ̀hún, ẹ máa bá a tààrà."

Wọ́n bá a tààrà, wọn kò rí i. Mutala padà sí ibi ìfọṣọ, ó tọ́ páìpù náà lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́, ó ń fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni ń wá òrùka.

"Hàjíà, ó tún ti yà."

"Síbo?"

"Sápá ọ̀tún. Ó ń lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì."

Ìdí ògiri ìlà-oòrùn ni bẹ́ńṣì Ẹnjiníà wà. Kò sí ibi tí ó burú jù ú lọ nínú àgbàlá náà, nítorí bí oòrùn bá ti yí sí ìwọ̀-oòrùn, orí rẹ̀ ni ó máa ń já sí. Ibẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun àsáárì pẹ̀lú rédíò rẹ̀, láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì dán títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a sí ní ọ̀sán tí ó kú, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹnu Ràfíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí bẹ́ńṣì yìí. "Ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé oòrùn jẹ yín ní gbèsè ni?" Èsì kan náà ni ó máa ń fún un: "Ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn." Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé ibẹ̀, kò gbà kí wọ́n dá iná níbẹ̀, kò gbà kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù kọjá ibẹ̀.

Suhaib àti Mutala gbé bẹ́ńṣì náà kúrò. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, koríko tútù kékeré ti hù níbẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Wọn kò gbẹ́ jìnnà tí omi fi ru sókè. Oríkèé páìpù kan ti dípẹtà, ó ti là, níbẹ̀ ni gbogbo omi ń gbà lọ. Páìpù náà yí ibẹ̀ po bí ó ti yí ti àwọn yòókù po. Láàárín rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, Mutala fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi kúrò lórí símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan. Òun kò ju àwo ọmọdé lọ.

Gbogbo wọn tẹ̀ síwájú láti wò ó. Fàrídà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ti Mùbárákù ló wà níbí?"

Ràfíátù sún mọ́ etí kòtò. Ó di etí bẹ́ńṣì tí wọ́n gbé kalẹ̀ mú, ó rọra jókòó sórí ilẹ̀. Ó ń wo omi tí ó ń sọ kúlúkúlú lórí símẹ́ńtì náà. Ilé ìwòsàn ni òun wà ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà gbé olóbì yẹn wálé nínú ike, òun nìkan. Kò sí ẹni tí ó bá a gbẹ́ ilẹ̀. Kò sí ìgbà tí ó wá fi ibẹ̀ han òun, nítorí kí òun tó délé, kò sí ọmọ tí wọn yóò fi ibẹ̀ hàn mọ́. Ó wá lọ gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀.

"Ti Mùbárákù kọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àbúrò rẹ ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ."

"Àbúrò mi wo?"

"Ìwọ kò lè rántí, o ò tíì máa rìn dáadáa." Ó gbé ojú sókè wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. "Afeefah ni bàbá yín fẹ́ pè é. Ojú fèrèsé ilé ìwòsàn ni wọ́n dúró sí tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Èmi náà kò sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé."

Fàrídà kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Mutala yí ojú sí ògiri, ó ń wá nǹkan kan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Suhaib wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dà bí ti ẹni tí ìpàdé ń dúró dè mọ́.

"Bùrọ̀dá Mutala, ẹ má tẹ́ páìpù tuntun sínú kòtò tààrà yẹn. Ẹ jẹ́ ká dí i padà."

"Oríkèé irin nìkan ni ká wá pààrọ̀?"

"Òun nìkan. Kí ó gba ibi tí ó gbà."

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Wọ́n bo gbogbo kòtò, wọ́n gbé bẹ́ńṣì padà sí àyè rẹ̀. Suhaib wẹ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Yàrá Adenta yẹn, Màmá..."

"Màá wá kí yín tí mo bá jáde opó. Màá sùn, màá jí, màá jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ. Lẹ́yìn náà wàá gbé mi padà wá."

"Tó," ó wí. "Màá gbé yín padà."

Kí ladáánì tó pè ní ọjọ́ kejì, Ràfíátù ti wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí irin náà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó yí i. Páìpù dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Omi ní láti gba ẹ̀yìn igi, kí ó yí ibi ìfọṣọ po, kí ó yà lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì, kí ó tó gba ìdí ìdáná bọ̀. Ó ń fọkàn bá a rìn láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nígbà tí ó dé, ó wúkọ́ kíkankíkan.

"Ìyá Suhaib!" Ohùn Àmínà ni, láti ẹ̀yìn ògiri. "Omi ti jí!"

"Ó ti jí."

Ó rìn padà gba àgbàlá kọjá nínú òkùnkùn, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Igi rẹ̀ tutù. Kò tíì fi ìgbà kankan jókòó síbẹ̀ rí, ìjà ni ó máa ń bá a jà. Ó ní ohun kan láti sọ fún ọkùnrin náà báyìí, kò gùn, kò ju pé òun ti rí i lọ. Ó gbọ́ tí omi ń dà sínú búta, tí ẹnì kan ń fọ ẹnu, tí ladáánì ń tún ọ̀fun ṣe kí ó tó pè. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì náà, bí ènìyàn ṣe máa ń sún fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó.